Ìwé Ọjọ́ Ìbí Àbúrò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀, n kò sì gbé aṣọ ẹnì kan fún ẹlòmíràn rí. Bí aṣọ bá ti wọlé, kí ó tó kan omi, mo ti ran òwú sí inú ọrùn rẹ̀. Òwú pupa ni ti ọ̀gá ilé ìwé, aláwọ̀ ewé ni ti dókítà eyín, dúdú ni ti àwọn agbẹjọ́rò tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ogójì ṣẹ́ẹ̀tì funfun lè wà lórí okùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jọra bí ẹyin, màá mọ ti oníkálukú. Ìyàwó dókítà eyín a máa fi mí ṣeré pé, "Ìyá Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ṣèèṣì di ọkọ mi mọ́ aṣọ ìdọ̀tí, ẹ máa fọ̀ ọ́, ẹ máa lọ̀ ọ́, ẹ sì máa ká a padà fún mi ni."

Ọwọ́ mi yìí kan náà ló gbé ohun ọmọ mi kan wọ ọmọ mi kejì. Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́, nítorí wọ́n ń bú ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní ọmọ ìyanu tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú èèyàn, èmi ni kó bú.

Ọmọbìnrin méjì ni mo bí. Èyí àkọ́kọ́ ti lé ní ọmọ ọdún méjì nígbà tí mo bí èkejì, láti ọjọ́ náà la sì ti ń pe àkọ́kọ́ ní Ẹ̀gbọ́n, tí à ń pe èkejì ní Àbúrò. Wọ́n ní orúkọ nínú ìwé o, àmọ́ ẹnu ilé wa kò mọ orúkọ ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Àbúrò nígbà tí ibà mú un. Ọjọ́ kẹta ló lọ. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì lọ́sẹ̀ náà, ó sì ti de méjì nínú mẹ́rin.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará ilé ní ká má pe ọmọ tó kù ní Ẹ̀gbọ́n mọ́, pé ọ̀rọ̀ náà ń ta wọ́n létí. Bàbá wọn kọ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n rí, ẹ̀gbọ́n náà ni títí." Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń jẹ́ Ìyá Ẹ̀gbọ́n lọ.

Onígbàjámọ̀ kan wà tí ògiri kan ṣoṣo pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi. Ó ní pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó tí wọ́n ń fi ọmọ ayò bí ọba àti ẹṣin ta, lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn tó ń dúró máa ń jókòó sí. Ayò náà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé á gé irun èèyàn dé ààbọ̀, á sá lọ gbé ẹṣin rẹ̀, á padà wá. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ti ilé ìwé dé, ibẹ̀ ló máa ń dúró, kí ooru áyọ́ọ̀nù má baà mú un. Oṣù méjì ló fi ń wò wọ́n láìsọ nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá, mo gbé agbọ̀n aṣọ lérí. Onígbàjámọ̀ na ọwọ́ sí ọmọ ayò kan. Ẹ̀gbọ́n ní, "Bọ̀dá, tí ẹ bá gbé ìyẹn, ọba yín ti há."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ẹ gbé e."

Ó gbé e. Ìgbà tí wọ́n ta á yí ẹ̀ẹ̀mẹta, ọba rẹ̀ kò rí ibi sá sí mọ́. Oníbàárà tó jókòó sórí àga, tí irun rẹ̀ kù ní apá kan, rẹ́rìn-ín títí aṣọ tí wọ́n dà bò ó fi já bọ́. Ó ní, "Onígbàjámọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ fá ọ lórí láìlo abẹ."

Ọjọ́ yẹn ni onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ gan-an. Kò tó ọdún kan tí kò fi rí ohun kọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, onígbàjámọ̀ mú ìwé ìkéde kan wá. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì fẹ́ ṣe ìdíje fún àwọn ọmọdé. Ọmọ tó bá gba ipò kìíní láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ẹgbẹ́ ni yóò gbé ìwé kíkà rẹ̀ rù ní ilé ìwé àwọn tó ń sùn síbẹ̀, títí yóò fi jáde ìwé mẹ́wàá.

"Ọmọ yín ti ré kọjá ìyẹn," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ìsọ̀rí àwọn tó jù wọ́n lọ ló máa bọ́ sí. Ife nìkan ni wọ́n ń fún àwọn yẹn."

Èmi tí ẹ ń wò yìí, kíláàsì kẹta ni mo dé tí wọ́n yọ mí kúrò ní ilé ìwé. Mo mọ bí ó ṣe ń rí kí èèyàn ní ọ̀rọ̀ nínú kó má sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Mo wo ọmọ mi, ó kéré lára, apá rẹ̀ dà bí ìkọ́ aṣọ. Mo wọlé, mo ṣí agolo bísíkíìtì tí a ń kó ìwé sí. Ìwé ọjọ́ ìbí méjì wà níbẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ ilé ìwé lù ú. Ti Àbúrò mọ́ tónítóní, nítorí kò rí ibì kankan lọ.

Mo ṣírò rẹ̀. Àbúrò ì bá jẹ́ ọmọ ọdún méje.

Nígbà tí mo fi ìwé náà han onígbàjámọ̀, ó kà á, ó ká a padà, ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan o." Ó sì lọ pọ́n abẹ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, mo ń bá Ẹ̀gbọ́n de bọ́tìnnì ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un. Mo ní, "Níbi tí à ń lọ yìí, orúkọ Àbúrò ni wàá jẹ́. Ọmọ ọdún méje ni ẹ́."

Ó wá ní, "Àbúrò ńkọ́, kí lòun máa jẹ́?"

"Àbúrò ò ní bínú."

"Ṣé ẹ ti bi í ni, Màámi?"

Mo ní kó panu mọ́ kí n ráyè de bọ́tìnnì. Mo tún sọ fún un pé a ò ní pè é ní Ẹ̀gbọ́n mọ́, nítorí ẹni tó bá gbọ́ yóò béèrè ẹ̀gbọ́n ta ni.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n ti ta á, tábìlì tò lọ bí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n na gbogbo wọn. Ẹni tó kù ní ìkẹyìn ni ọmọbìnrin ṣúmékà kan, ọmọ ọdún méje lóòótọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ lórí àga. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ta. Ó ń fa etí ara rẹ̀ bó ṣe ń ronú. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ, kí ọba rẹ̀ tó há. Kò sunkún. Ó kàn wo pátákó náà bí ẹni tí wọ́n kọ nǹkan sí lára rẹ̀ tí kò lè kà á.

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó so okùn bàtà fún un, bàtà pupa tó fúnra rẹ̀ rán. Ó wá bá mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú oríire. Wọ́n ka ọjọ́ ìbí wọn, tèmi fi oṣù mẹ́ta ju tiyín lọ. Kékeré tún na àgbà. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

Mo ní, "Ẹ ṣé o."

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ méjì yìí kiri láti ìgbà náà. Mi ò tíì rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ọjọ́ kẹta ni bàbá Ẹ̀gbọ́n ti ìrìn àjò dé. Mo ti fi ìwé ẹ̀rí kọ́ ara ògiri, lókè tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ. Ó kà á.

"Orúkọ ta nìyí?"

"Ẹ jókòó ná, kí n ṣàlàyé."

"Mo ní orúkọ ta ni."

"Ti Àbúrò ni."

Ó jókòó sórí agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀ fún ọmọ náà," ló wí. "Ìwọ wá hú u."

"Nítorí ìwé kíkà ni."

"Mo gbọ́. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu." Ó dìde, ó lọ fọ ọkọ̀ rẹ̀. Kò fi ẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni, nítorí ọmọ, àmọ́ kò tẹ gbọ̀ngàn ṣẹ́ẹ̀sì kankan títí tó fi kú. Òun nìkan ni kò yéé pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Bí ọmọ náà bá wá lo ìsinmi, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa pariwo orúkọ náà kí gbogbo ojúlé gbọ́, èmi á sì máa ti fèrèsé.

Àwọn ìwé ìròyìn mọ ìyókù, àbí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Kíláàsì kẹrin ni ọmọ mi wà, ilé ìwé tuntun dá a padà sí kejì nítorí ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé. Ohun tó ti mọ̀ ni wọ́n tún ń kọ́ ọ, àwọn olùkọ́ bá ń pariwo pé ọpọlọ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́wàá na ọ̀gá kan tó ti ń ta ayò kí wọ́n tó bí i. Wọ́n ní ọmọ ọdún méjìlá bá àwọn mọ́kànlá ta á lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń rìn láti tábìlì dé tábìlì, ó sì na mẹ́sàn-án. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Onígbàjámọ̀ gé àwòrán náà lẹ̀ mọ́ dígí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn oníbàárà mi sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà ń jẹ́ ẹ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ ó dùn mọ́ mi.

Ohun tó wá ń dùn mí báyìí ni pé ọmọ náà mọ ayò lóòótọ́. Ká ní mo ní sùúrù, ibi tó dé náà ni ì bá dé, bóyá kó pẹ́ díẹ̀. Irọ́ mi kò fún un ní ọgbọ́n kankan. Ó kàn jẹ́ kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì yìn ín rí láìjẹ́ pé ìyìn náà gba ibòmíràn lọ. Mo lọ wò ó nígbà kan. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ rẹ̀ kó wá gba ife, ó wẹ̀yìn wò ná, bí ẹni tó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Àwọn èèyàn rò pé ìtìjú ọmọdé ni.

Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé, ìwé sọ pé kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ààbọ̀. Màtíróònù la ẹnu sílẹ̀. Ọmọ mi wá sọ fún mi. Kàkà kí n kọ́ ọ bí obìnrin ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ ni ohun tí yóò sọ fún màtíróònù.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni bàbá wọn kú. Ẹ̀dọ̀fóró ni. Lọ́sàn-án tó kẹ́yìn ó pè mí súnmọ́ ibùsùn. Ó ní, "Ọmọ méjì ni mo bí. Jẹ́ kí wọ́n jẹ́ méjì." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, n kò kàn ṣe é ni.

Ọdún tó kọjá, wọ́n yan Ẹ̀gbọ́n láti lọ bá àwọn ọ̀dọ́ gbogbo ayé ta á. Ìwé ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì ti pé mọ́kàndínlógún. Ó wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, ó dúró síwájú tábìlì mi, kò tilẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

"Màámi, mo fẹ́ gba ìwé mi."

"Ìwé wo?"

"Ìwé ọjọ́ ìbí mi. Tèmi. Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn kí n tó wọ bàálù. Mi ò lè gbé Àbúrò dé òkè òkun."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ro ìwé ìròyìn, mo ro àwọn oníbàárà, mo ro àwòrán tó wà lára dígí onígbàjámọ̀. N kò ro ọmọ tó dúró níwájú mi. Mo ní, "Mo ti sun ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti sun ún."

Ó wo ojú mi. "Ẹ sun mí, Màámi?"

Mo ń lọ aṣọ lọ. Ìwé náà wà nínú agolo lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ mi ń kàn án.

Ó padà lọ, ó sì sọ fún ẹgbẹ́ pé òun kò lọ mọ́, òun kò sì ta ayò mọ́. Kò sọ ìdí, nítorí kò fẹ́ fi ẹnu lásán ba ìyá rẹ̀ jẹ́. Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, ó ń lọ aṣọ. Àwọn èèyàn ní okìkí ti gùn ún lórí. Àwọn kan ní ẹ̀rù àwọn òyìnbó ló bà á. Ìyàwó dókítà eyín, tí kò ní inú burúkú, ní, "Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n, àṣé ọmọ ìyanu ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ o, á ní ká fi owó kún un." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà tuntun kan wọlé ní ọjọ́ Ajé. Mo wà lẹ́yìn ilé, ọwọ́ mi wà nínú ọṣẹ. Mo gbọ́ tó ní, "Kí lorúkọ rẹ, kí n lè mọ ẹni tó gba aṣọ lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ṣáà sọ pé ọmọbìnrin tó ń lọ aṣọ."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti wá orúkọ tirẹ̀, tí kò rí i. Gbogbo aṣọ tó wà lórí okùn níwájú mi ló ní òwú tirẹ̀ nínú ọrùn. Mo nu ọwọ́, mo wọlé, mo fa agolo jáde lójú rẹ̀, mo yọ ìwé náà. Kò bú mi. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró kó má baà jó aṣọ.

Èmi nìkan ni mo lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Mo ní kó má tẹ̀lé mi. Akọ̀wé wọn, ọkùnrin kan tó ní ìwé pọ̀ lórí tábìlì ju àyè lọ, ka ìwé méjèèjì. Ó béèrè ohun tó pa Àbúrò, mo sọ fún un. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá, ẹ mọ ohun tí èyí máa ṣe fún ọmọ yín? Ẹ fi í padà sínú báàgì. Èmi ò rí yín lónìí."

Onígbàjámọ̀ ti sọ irú rẹ̀ fún mi rí. Mo ní, "Ẹ̀yin rí mi, sà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ṣe é."

Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n gba àwọn ife padà, láti orí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní kó má ta ayò ní gbangba fún ọdún méjì. Ìwé ìròyìn tún ya àwòrán rẹ̀, èyí tó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Ó ku ibì kan. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹsẹ̀ mi tó gbé mi débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ṣúmékà kò tóbi ju àga ìrọ̀gbọ̀kú méjì lọ, bàtà so kọ́ títí dé òrùlé. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń gún ihò sí ìtẹ̀lẹ̀ bàtà. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ó ń fa etí ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn láàárín àjákù awọ, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ṣúmékà kò ní kí n dìde. Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé kò fọwọ́ kan ayò náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn? Ó ní bí ọmọ tí òun jù lọ bá lè na òun báyẹn, a jẹ́ pé orí òun kò pé. Ilé ìwé pàápàá, ohun tó ń sọ fún àwọn olùkọ́ nìyẹn."

Ọmọ náà gbé òòlu tó fi ń gún ihò kalẹ̀. Èmi kọ́ ló bá sọ̀rọ̀, ìtẹ̀lẹ̀ bàtà ọwọ́ rẹ̀ ni. "Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà yẹn?"

"Mẹ́sàn-án. Ó ti lé díẹ̀."

Ó ń fi ìka ṣírò. "Kí òun fúnra rẹ̀ wá," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n lọ lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ̀lé e. Wọ́n gbá ìṣó kúrò lórí tábìlì, wọ́n tẹ́ pátákó. Ọmọ ṣúmékà ní, "Tí mo bá fi lè mọ̀ pé o mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ fún mi, màá fi òòlu yìí rán ọ mọ́ ìtẹ̀lẹ̀ bàtà."

"Mi ò ní fi sílẹ̀."

Kò sì fi í sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, nínú oòrùn. Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní àga, n kò sì béèrè. Wọ́n ta á fún wákàtí méjì kí ọba ọmọ ṣúmékà tó há. Ó tẹjú mọ́ pátákó, ó ń fa etí, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Wákàtí méjì," ló wí. "Ọ̀gá bíi tìẹ, mo sì ti gbàgbé bí ẹṣin ṣe ń rìn. Orí mi pé o. Bàbá mi, ẹ gbọ́, orí mi pé." Ó wá kọjú sí ọmọ mi. "Kí lorúkọ rẹ gan-an?"

Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. Orúkọ inú ìwé tó gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó sọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́wàá, kò wẹ̀yìn wò.

Ṣúmékà rìn wá sí ẹnu ọ̀nà, ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìyá, ta la wá ní ká máa pè yín?"

Ọmọ mi ló dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń jẹ́."

Ṣúmékà kò pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnu òun kò tíì gbà á, kí n fún òun láyè díẹ̀. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó padà sídìí bàtà rẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì sì ti ń to ayò náà padà, wọ́n fẹ́ ta òmíràn.